Gbọ̀dọ̀ Orí Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Mi ò ní pe orúkọ ìyá ọkọ mi nínú ìtàn yìí, nítorí ìyàwó ilé tó gbẹ̀kọ́ kì í pe orúkọ àna rẹ̀. Mọ́mì Ìró ni gbogbo wa ń pè é. Àṣírí rẹ̀ ni mo fẹ́ tú, ìyẹn kò sí nínú èèwọ̀.

Ìró-Èkìtì ló ti wá sọ́dọ̀ wa ní Ìkẹ́rẹ́ kí wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ fún un lójú. Ojú náà là. Láti ọjọ́ tó ti là ni mi ò ti sinmi mọ́. Ó rí ìdọ̀tí abẹ́ àga, ó rí èéfín ìdí ìkòkò mi, ó sì rí i pé ọmọ òun ti rù. Ṣùgbọ́n ohun tó fẹ́ rí jù lọ ni ilé rẹ̀. "Ulé mi ni mo fẹ́ lọ," bẹ́ẹ̀ ló ń wí láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń wí lálẹ́. Mo ṣe àmín sí i. Tọkàntọkàn ni mo ṣe àmín sí i.

Ọkọ̀ Fọlọ́runṣọ́, ọkọ mi, ni kò jẹ́. Olùkọ́ ni nílé-ẹ̀kọ́ gíga kan nílùú yìí, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí epo bẹtiróòlù ti di ọ̀wọ́n, ọ̀kadà ló ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Ọkọ̀ wá jókòó sínú oòrùn lẹ́yìnkùlé wa, ọjọ́ Ìsinmi nìkan là ń gbé e jáde. Ni eku bá wọ inú ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń jẹ wáyà bí ẹni ń jẹ ìrèké. Bí Hàkíìmù mẹkáníìkì bá tún un ṣe tán, kò ní pẹ́ tí ọkọ̀ yóò tún kọ̀ tí kò ní ṣáná.

Mo ní kí a bá Mọ́mì pe takisí. Ó wò mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ìyàwó, ọkọ̀ ọmọ mi ló gbé mi wá. Kí takisí wá já mi sílẹ̀ níwájú ulé? Kí ará Ìró lè sọ pé ẹ ti lé mi?"

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àfi kí eku kó ẹrù wọn.

Mọ́mì gba ogun náà fúnra rẹ̀. Ó ju káńfò sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, eku kò tilẹ̀ sín. Ó gún ata gbígbẹ, ó bù ú sí gbogbo kọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì. Lọ́jọ́ Ìsinmi, a ṣáná sí ọkọ̀, atẹ́gùn gbé ata náà wọlé bá wa, a sì sín wọ ṣọ́ọ̀ṣì débi pé pásítọ̀ dá ìwàásù dúró láti kí wa kú ewu. Ó yá ológbò Ṣàkírátù, aládùúgbò wa. Ológbò rí i pé orí ẹ́ńjìnnì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sùn lé e. Èmi ní kí a ra ọ̀tápiapia.

"Májèlé kẹ̀?" Mọ́mì ní. "Ta ní í fi májèlé sára ẹran ọbẹ̀?"

Ìgbà yẹn ló yé mi pé ó ní èrò mìíràn lórí àwọn eku wa.

Hàkíìmù wá gbà wá nímọ̀ràn pé kí a máa ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lójú mọmọ, nítorí eku kì í fẹ́ sùn níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà. Fọlọ́runṣọ́ ń ṣí i láràárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ọkọ̀ náà kò yéé kú. Fọlọ́runṣọ́ ní inú igbó tí aládùúgbò tó wà lẹ́yìn wa kò ro ni eku ti ń wá, ó bá a jà, wọn ò sì kí ara wọn mọ́ títí di òní.

Ní Sátidé kan, Hàkíìmù yọ bátìrì, ó na ọwọ́ sẹ́yìn rẹ̀, ó sì fa ìtẹ́ eku jáde. Àkísà wà níbẹ̀, ewé gbígbẹ wà níbẹ̀, gbọ̀dọ̀ sì wà níbẹ̀, iṣu gbígbẹ tí a fi ń ṣe ẹ̀lùbọ́, ẹ̀kún abọ́ kan.

"Ta ló ń sá iṣu nínú ilé yìí?" ó béèrè.

Gbogbo wa wo Mọ́mì. Mọ́mì wo ojú ọ̀run.

Iṣu tó kó wá láti Ìró ló ti fẹ́ máa jẹrà, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbà á láti da iṣu nù. Bí a bá ti lọ síbi iṣẹ́ tán, yóò pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, yóò tẹ́ aṣọ lé e, yóò sì sá gbọ̀dọ̀ rẹ̀ sórí irin gbígbóná. Kí a tó dé, ó ti kó o, ó ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì padà. Èyí tó bá já bọ́ sí ìdí wáípà, eku ló ni ín. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló wà. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ̀yin gan-an lẹ ò jẹ́ kí ẹ délé!" Fọlọ́runṣọ́ pariwo.

"Irin ọkọ̀ rẹ dára," ló fi dá a lóhùn. "Uṣu kì í gbẹ tó báyìí n'Ìró."

Láti ọjọ́ náà, kò sá nǹkan kan mọ́. Bọ́nẹ́ẹ̀tì ń wà ní ṣíṣí, eku kò sì rí oúnjẹ mọ́, wọ́n bá tiwọn lọ. Nígbà tí ìsinmi ọdún Àjíǹde dé, a gba Ìjàn kọjá, a kọrí sí Ìró. Mọ́mì ní kí Fọlọ́runṣọ́ máa fọn fèrè ọkọ̀ láti ẹnu ìlú. Àwọn èèyàn jáde. Ó ń juwọ́ sí wọn bí ìyàwó ọba.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn tó wá kí i túká. Ilé dákẹ́ lójijì. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo yàrá kan, ó ń wo èkejì, kò sì sí ẹni tó lè bá wí nípa ìdọ̀tí. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Mi ò mọ̀ pé ó lè ṣe mí bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, a kó ẹrù wa sínú búùtù, a jẹun, a sì jáde láti máa lọ. Aṣọ ti wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Iṣu bíbọ̀ kún orí aṣọ náà, èéfín ṣì ń rú lára rẹ̀.

"Mọ́mì," Fọlọ́runṣọ́ rọra wí, "ẹ ò gbàgbé ohun tí eku ṣe?"

"Mi ò gbàgbé." Ó ń yí iṣu náà padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò wo ojú wa. "Yóò pẹ́ díẹ̀ kó tó gbẹ."

Fọlọ́runṣọ́ wò mí. Èmi tí mo ti ń dúró de ọjọ́ tí yóò kúrò nílé mi, èmi ni mo kọ́kọ́ ṣí búùtù, mo sì gbé báàgì mi padà sínú ilé.