Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Tí Oògùn Yá Mi

Mo rántí ìgbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kún bí ti ẹni tó ń fọn fèrè, tí gbogbo Òdóde ní Ìdànrè ń kí mi kú oríire. Ó dùn mọ́ mi, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, nítorí mo mọ ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ti wá.

Òṣìṣẹ́ oko kòkó ni mí nígbà náà. Ìhà Ọ̀ṣun ni mo ti wá sí Ìdànrè, mo sì rù débi pé bí mo bá ru apẹ̀rẹ̀ kòkó, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á ní apẹ̀rẹ̀ ló ń dá rìn bọ̀. Mo fẹ́ràn ọmọbìnrin ọ̀gá oko wa, ọmọ náà sì gbà fún mi. Bàbá rẹ̀, tó jẹ́ alàgbà nínú ìjọ Aládùúrà tí kì í lo oògùn, ni kò gbà. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, "Ẹni tí kò rí ara rẹ̀ bọ́, kí ni yóò fi bọ́ ọmọ mi?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí ẹ̀gbẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Ìlú òkúta ni Ìdànrè, ibi tí o bá kọjú sí, òkúta ni. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ pé ọ̀kan lè wá kọ́lé sínú mi. Dókítà ní òkúta ti dí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà kúrò nínú kíndìnrín. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, òkúta jáde, àfi bí irin gbígbóná tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró ṣe ta ooru sí ara ọ̀nà ìtọ̀ náà. Dókítà kò fi pamọ́ fún mi. Ó ní bí ibẹ̀ bá wú, tó sì lẹ̀ pọ̀ bó ti ń jinná, kíndìnrín náà á bàjẹ́. Wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ ibẹ̀, wọ́n sì fún mi ní oògùn oníhóró tí wọ́n ń pè ní sítẹ́rọ́ọ̀dù, kí ó má baà wú. Dókítà ní mi ò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa dín in kù.

Háà, ebi! Mo máa ń jẹ iṣu tán, kí n tún yọjú wo inú ìkòkò bóyá olè ló wọlé. Kò pẹ́, ojú mi rí roboto, ikùn yọ, ọrùn sì sọnù. Àwọn tí kì í dá mi lóhùn tẹ́lẹ̀ ń pè mí ní ọ̀gá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní kí n dìde kí ìjọ rí iṣẹ́ àdúrà. Mo ní oògùn ni. Wọ́n ní, "Ẹ ò rí i bó ṣe nírẹ̀lẹ̀!"

Bàbá ọmọ ránṣẹ́ pè mí. Ó fi ìka tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bí ẹni tó ń ra ọsàn. "Ayé ti ń gbà ọ́," ó ní. "Kó àwọn ènìyàn rẹ wá." Ó tún pe onífọ́tò, kó lè fi àwòrán mi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ofosu.

Àfi bí dókítà ṣe ní ọ̀nà ìtọ̀ ti ń jinná dáadáa. Ó yọ rọ́bà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dín oògùn kù. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n máa lò ó títí di ọjọ́ ìgbéyàwó. Ó ní, "Ṣé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni ìyàwó náà fẹ́ fẹ́ ni?"

Ara bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Mo ń wọ agbádá lórí agbádá nínú oòrùn, mo ń jẹ ẹ̀bà láàárín oúnjẹ méjì, pàbó ló já sí. Nígbà tó ku díẹ̀ kí a ṣe ìgbéyàwó, bàbá tún pè mí. Ó tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìka rẹ̀ kan egungun.

"Ìyókù dà?" ó bi mí.

"Oògùn ló gbé e wá, sà. Ó ti gbé e lọ."

Ọkàn mi ti ń di ẹrù padà sí Ọ̀ṣun. Ìgbà náà ni ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀. "Bàámi, kó tó sanra ni mo ti gbà fún un."

Bàbá wò ó, ó wò mí, ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ṣé oògùn yẹn ṣì kù? Fún àgbò ìgbéyàwó ní díẹ̀, ó ti rù jù."

"Bàámi! Ṣebí ẹ̀yin kì í lo oògùn?"

"Èmi ni kì í lò ó. Àgbò kì í ṣe ọmọ ìjọ."

Mi ò fún un. Bẹ́ẹ̀ ni èmi àti àgbò ṣe dé ibi ìgbéyàwó, tí a ò mọ ẹni tó rù jù nínú wa.

Àwọn àgbà ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹni. Bí kò fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni. Mo ti di arúgbó, mo ṣì rù, ìtọ̀ ń lọ geere, mo sì ń dúpẹ́. Ẹ̀dà àwòrán tí onífọ́tò yà lọ́jọ́sí ṣì wà lára ògiri wa. Láìpẹ́ yìí, ọmọ-ọmọ wa kan na ọwọ́ sí i, ó ní, "Màámá, ta ni bàbá ẹlẹ́rẹ̀kẹ́ yìí?"

Ìyàwó mi kò tilẹ̀ gbójú sókè níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. "Ẹni tí bàbá mi fẹ́ fún mi nìyẹn," ó ní. "Èyí tó jókòó yìí lèmi fẹ́."