Jímọ́ọ̀ Tó Ń Wo Atẹ́gùn Lẹ́nu Odò

Ní ọdún 1988, kò sí iṣẹ́ tó ṣòro láti ṣàlàyé fún àna ní Àpòmù bí iṣẹ́ Jímọ́ọ̀. Ọmọ Ìkirè ni, ó ti ka kéú, ó sì ti parí ìwé girama. Ṣùgbọ́n nígbà tí Gàrúbà, àgbẹ̀ oníkòkó tí Jímọ́ọ̀ fẹ́ fẹ́ Nàfísátù ọmọ rẹ̀, bi í léèrè ohun tó ń ṣe létí òkun, èsì kan ṣoṣo ló rí fọ̀.

"Atẹ́gùn ni mo ń wò, sà."

"O wò ó tán, kí lo wá ń fi í ṣe?"

"Mo ń sọ ọ́ fún àwọn òyìnbó, sà."

"Àwọn òyìnbó ò ní awọ lára ni?"

Jímọ́ọ̀ kò parọ́. Níbi tí odò kan ti ń wọ òkun ní ìhà Èkó, àwọn òyìnbó àti olówó díẹ̀ ní ẹgbẹ́ eré ìdárayá kan. Orí pákó gígùn ni wọ́n máa ń dúró sí, wọ́n á di ìgbòkun tó wà láàárín rẹ̀ mú, atẹ́gùn á sì máa gbé wọn sáré lórí omi. Jímọ́ọ̀ ni ẹgbẹ́ náà gbà láti máa sọ ìgbà tí ẹnu odò bá dára fún eré yìí. Láàárọ̀, atẹ́gùn ilẹ̀ kì í lágbára. Bí oòrùn bá ti kúrò lágbedeméjì ọ̀run, atẹ́gùn òkun á dé. Bí omi òkun bá ń wọnú odò lákòókò yẹn, inú wọn á dùn. Ṣùgbọ́n bí omi bá yí padà tó ń fà jáde, tí atẹ́gùn sì rọlẹ̀, odò á kàn máa wọ́ èèyàn lọ sí agbami ni. Bí Jímọ́ọ̀ bá lu agogo lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n wọ omi. Bó bá lù ú léraléra, kí wọ́n jáde.

Gẹ́gẹ́ bí àṣà, Gàrúbà ní kí wọ́n ṣe ìwádìí kí òun tó fọmọ fún un. Wọ́n wádìí ilé wọn ní Ìkirè, wọn kò rí wèrè, wọn kò rí olè. Ó ku iṣẹ́. Sàlámọ̀tù, ẹ̀gbọ́n Gàrúbà obìnrin, tó máa ń lọ ra ẹja gbígbẹ létí òkun, ni wọ́n fi rán. Nígbà tó padà dé, kò tíì sọ ẹrù kalẹ̀ tó fi figbe ta.

"Gàrúbà, ọmọ yẹn ti di Aládùúrà!"

Ó ní ojú òun ló ṣe. Jímọ́ọ̀ wọ funfun láti ọrùn dé kókósẹ̀, kò wọ bàtà, ó dojú kọ òkun, ó ń lu agogo, àsíá pupa sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Àwọn òyìnbó ń ṣubú sómi, wọ́n ń dìde, wọ́n tún ń ṣubú. Bí ìyẹn ò bá jẹ́ ìrìbọmi, kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Aṣọ iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ fún Jímọ́ọ̀ ni funfun yẹn, iyanrìn ni kò jẹ́ kó wọ bàtà, àsíá ló sì fi ń mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí. Ìwádìí Sàlámọ̀tù kò dé ibẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dé etí Jímọ́ọ̀, ó wọkọ̀ wálé, ó kúnlẹ̀ sí pálọ̀ Gàrúbà ní Àpòmù, ó sì ké Fátíà láìṣì.

"Ohùn rẹ̀ dùn," ni Sàlámọ̀tù wí. "Àwọn Aládùúrà náà ló kọ́ ọ. Orin ni tiwọn ṣáá."

Gàrúbà gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ̀gbọ́n mi, ó tó. Màá lọ fojú ara mi rí i. Bí mo bá rí i níbi tó ti ń kírun, ó ti ní ìyàwó. Bí mi ò bá rí i, kó lọ fẹ́ Yemọja."

Bí Gàrúbà ṣe dé ẹnu odò nìyẹn lọ́jọ́ Sátidé kan, pẹ̀lú agbádá tí atẹ́gùn òkun kò jẹ́ kó sinmi. Wọ́n gbé àga fún un. Ó ń wo àwọn pákó tí wọ́n ń sáré kọjá.

"Ta ló ń tì wọ́n?"

"Atẹ́gùn ni, Bàbá."

"Kí ni wọ́n ń gbé lọ sódìkejì?"

"Wọn ò gbé nǹkan kan."

"Kí ni wọ́n fẹ́ gbé bọ̀?"

"Wọ́n kàn ń lọ ni, Bàbá. Wọ́n á tún padà."

Gàrúbà gbá agbádá rẹ̀ mọ́ra. Kò tíì rí ẹni tó fi ọwọ́ òfo lọ, tó fi ọwọ́ òfo bọ̀, tó sì ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tó yá, omi yí padà, atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Jímọ́ọ̀ lu agogo léraléra, gbogbo wọn jáde wá jókòó, wọ́n ń retí bóyá atẹ́gùn á tún lágbára. Àkókò ìrun àlàásárì ti tó. Gàrúbà tó jẹ́ arìnrìn-àjò ti kí tirẹ̀ pọ̀ mọ́ àílà lọ́sàn-án. Jímọ́ọ̀ mọ̀ pé ohun tí àna òun torí ẹ̀ wá nìyí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan agogo o."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Jímọ́ọ̀ ṣe àlùwàlá, ó tẹ́ ẹní síbi tí Gàrúbà ti lè rí i dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìrun. Ó ń tẹ̀ dáadáa, ó ń forí balẹ̀ dáadáa. Ọkàn Gàrúbà balẹ̀. Nígbà tí ọkàn rẹ̀ wá balẹ̀ tán, tí kò rí nǹkan mìíràn ṣe, ó yíjú sí agogo. Ó kàn fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń dún ni. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Àwọn òyìnbó gbé pákó, ó di inú omi.

Iwájú orí Jímọ́ọ̀ ṣì wà nílẹ̀ nígbà tó gbọ́ ọ. Bó bá já ìrun, Nàfísátù lọ. Bí kò bá já a, òyìnbó lọ. Láyé rẹ̀, kò tíì kírun tó yára tó bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sàlámà sí ọ̀tún. Eré ló fi sàlámà sí òsì.

Ìgbòkun ti sùn lé omi bí aṣọ tí òjò pa, odò sì ń rọra gbé wọn lọ sí agbami. Jímọ́ọ̀ àti awakọ̀ ẹgbẹ́ náà gbé ọkọ̀ ojú omi, wọ́n fi okùn fà wọ́n padà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń fa ewúrẹ́ tí kò fẹ́ bọ̀ wálé. Alága ẹgbẹ́ ló gúnlẹ̀ kẹ́yìn, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata. Ó bèèrè lédè òyìnbó pé ta ló lu agogo.

Gàrúbà ti kó ọwọ́ méjèèjì sínú agbádá.

"Èmi ni, sà," ni Jímọ́ọ̀ dáhùn.

Alága pariwo títí tí itọ́ fi tán lẹ́nu rẹ̀. Ó ní bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, kí Jímọ́ọ̀ máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Nígbà tí alága lọ tán, Gàrúbà sún mọ́ Jímọ́ọ̀.

"Kí ló ní?"

"Ó ní ẹ káàbọ̀, Bàbá."

"Ìka ló wá ń nà sí ọ lójú?"

"Bí wọ́n ṣe ń kí àna èèyàn níbí nìyẹn."

Jímọ́ọ̀ sìn ín dé ibùdókọ̀. Gàrúbà ti gbé ẹsẹ̀ kan sínú mọ́tò kó tó yíjú padà.

"O ò sọ fún un pé èmi ni."

"Ẹ̀yin kọ́, Bàbá. Atẹ́gùn ló lù ú."

Gàrúbà rẹ́rìn-ín títí fìlà fi ré bọ́ lórí rẹ̀.

Ní Àpòmù, ẹnu ọ̀nà ni Sàlámọ̀tù ti ń dúró dè é.

"Ó kírun?"

"Ó kí i. Apá òsì ló yára díẹ̀."

"Agogo yẹn ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, iṣẹ́ gidi ni. Ó le ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Èmi náà dán an wò."

"Ṣé o rí i ṣe?"

Gàrúbà bọ́ agbádá, ó fi kọ́ èjìká. "Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ọjọ́ yìgì," ló wí, ó sì wọlé.