Ọkọ̀ Tí Bàbá Mi Ti Ilẹ̀kùn Rẹ̀

Lánàá, ọmọ-ọmọ mi gbá ilẹ̀kùn mọ́tò gbàgà níwájú ilé, mo sì jágbe mọ́ ọn kí n tó mọ̀: "Rọra tì í!" Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ohùn bàbá mi ló jáde lẹ́nu mi yẹn.

Nígbà tí owó epo ń ṣàn nílẹ̀ yìí, ìjọba ìpínlẹ̀ wa dá ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kan sílẹ̀ ní Òrè. Òkè òkun ni wọ́n ti ń kó àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ náà wá, àwọn ènìyàn wa á sì tò wọ́n pọ̀. Ilẹ̀kùn ni wọ́n fi lé bàbá mi lọ́wọ́. Yóò dè é mọ́ ara ọkọ̀, yóò tì í, yóò dẹtí. Bí kò bá dún kẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò tú u palẹ̀. Ó gbé àrùn náà wálé débi pé kò sẹ́ni tó lè ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná kó má dẹtí sí i. Ìyá mi a ní ọkọ òun ń gbọ́ ti ilẹ̀kùn ju ti òun lọ.

Síbẹ̀, kẹ̀kẹ́ ni bàbá mi ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Ó wá ṣèlérí fún ìyá mi pé lọ́jọ́ ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ náà ni yóò gbé e lọ. Ó ní ọ̀gá ti gbà láti yá òun ní ọ̀kan. Ẹnu ìyá mi kò gbà á. Gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ìjọ ló gbọ́, ó sì ra gèlè kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bíi kòkó tó pọ́n.

Ìkórè ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò dé mọ́. Wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ lọ sinmi nílé ná. Ìsinmi ọ̀hún kò tán títí bàbá mi fi kú.

Ẹsẹ̀ la fi rin lọ sí ìkórè. Àwọn ẹgbẹ́ ìyá mi kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ló sì dùn ún jù. Nígbà tí a jáde, bàbá mi kò jẹ́ ká yà sílé, ilé-iṣẹ́ ló kó wa lọ. Ọlọ́dẹ mọ̀ ọ́n, ó ṣí géètì. Àwọn ọkọ̀ tò lọ súà nínú oòrùn, wọ́n ń dán, kò sí ẹ́ńjìnnì nínú ọ̀kankan. Bàbá mi fi ìyá mi jókòó sẹ́yìn ọ̀kan bí ìyàwó kọmíṣọ́nà, ó ti ilẹ̀kùn. Kẹ́.

"Ẹ̀yin ọmọ, ó yá, ẹ bá mi taari rẹ̀!"

A taari. Ìyá mi ń juwọ́ sí ọlọ́dẹ, àwa ń rẹ́rìn-ín.

"Bàbá Dúpẹ́, ibo lẹ̀ ń gbé mi lọ?"

"Ṣé kì í ṣe ìkórè lo wí ni?"

Nígbà tí a dé ìdí ògiri, ọkọ̀ dúró. Mo yọjú wo inú gíláàsì: ìyá mi ti tú gèlè, ó fi bo ojú. Bàbá mi kò ṣí ilẹ̀kùn. Ó gbé ọwọ́ lé e, ó kọjú síbòmíràn títí ìyá mi fi sunkún tán.

Igbó ti bo ibẹ̀ báyìí. Mọ́tò kún ojú ọ̀nà Òrè fọ́fọ́, ilẹ̀ onílẹ̀ ni gbogbo wọn sì ti wá. Ó ń dùn mí títí di òní. Nígbà tí èmi náà ra tèmi, mo gbé ìyá mi lọ sí ìkórè, mo sì fi ń yangàn. Mo bi í pé nínú gbogbo mọ́tò tó ti wọ̀ rí, èwo ló gbádùn jù.

"Èyí tí kò ní ẹ́ńjìnnì yẹn ni," ló wí. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó rọra ti ilẹ̀kùn, ó sì dẹtí.