Ẹni Tó Ń Kí Ilé Ahoro

"Ẹ kú ilé o." Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin kan tí a jọ ń ṣe tíṣà ní Ìkirè ṣe máa ń kí ilé ahoro kó tó wọ̀ ọ́, àfi bíi pé ẹnìkan fẹ́ dáhùn. Ó máa ń ya àwòrán àwọn ilé àtijọ́, gbogbo ilé ìwé a sì máa yìn ín. Èmi náà ń yàwòrán, kò sẹ́ni tó ń bèèrè tèmi. Ara a máa ta mí.

Á kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ kí olórí ẹbí tó ni ilé, á tọrọ àyè. Tó bá wọlé, á fi ọ̀pá gbá pákó kó tó tẹ̀ ẹ́. Á ní, "Ilé tí kò sẹ́ni nínú ẹ̀ ṣì ní onílé." Mo ní àṣejù ni.

Ní Sátidé kan, mo dá lọ sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ahoro kan ní Àpòmù, kí n lè ṣáájú rẹ̀ yà á. Mi ò kí ẹnikẹ́ni. Pákó òkè dá, ẹsẹ̀ mi há síbẹ̀. Àwọn ọmọ onílé ló yọ mí, wọ́n ní èmi ni olè tó ń ká páànù àwọn, ó di àgọ́ ọlọ́pàá. Ni mo bá pe obìnrin yìí.

Bí ó ṣe dé àgọ́, bàbá onílé tí wọ́n ti ránṣẹ́ pè rí i, ó rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ṣé èèyàn ẹ nìyí? Ṣebí mo ti sọ fún ẹ lọ́jọ́sí pé òkè yẹn ti jẹrà. Máa mú un lọ."

Ẹsẹ̀ mi ń ro mí, ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni pé nítorí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe fi mí sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, èmi náà ń kí ilé ahoro. Mo kàn máa ń bojú wẹ̀yìn ná, kó má lọ jẹ́ pé obìnrin yìí gbọ́.