Irin Ìdárayá Bàbá Mi Lórí Àpò Ẹ̀gẹ́

Òórùn ẹ̀gẹ́ kíkan ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá rántí ilé wa ní Ìkọ̀tún. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje, òórùn mìíràn bo ti ẹ̀gẹ́ mọ́lẹ̀: òórùn ọ̀dà dúdú tuntun. Irin ìdárayá mẹ́ta ni Bàbá mi gbé wálé, rìbìtì-rìbìtì bí orí ọmọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọwọ́ tí a fi ń gbé e.

Ìgbà owó epo ni. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, gbogbo àdúgbò sì ń ra ohun tí wọn kò mọ̀ ọ́n lò. Aládùúgbò wa kan ra fíríìjì nígbà tí iná mànàmáná kò tí ì dé òpópónà wa. Aṣọ funfun tí ó ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ni ó ń kó sínú rẹ̀. Ní ti Bàbá mi, akọ̀wé ìjọba, ikùn ni ó kọ́kọ́ fi owó tirẹ̀ kọ́. Nígbà tí ikùn náà parí, ó tún fẹ́ náwó láti wó o. Ó ní yàrá iwájú yóò di yàrá ìdárayá, bí ó ti rí i nílé ọ̀gá rẹ̀.

Yàrá yẹn gan-an ni ó ti ṣèlérí fún Ìyá mi. Ìta gbangba ni Ìyá ti ń fún ẹ̀gẹ́ tí ó ń rà ní Ayọ̀bọ̀ kí ó tó yan án ní gàrí, òjò a sì máa bà á jẹ́. Síbẹ̀ kò jà. Ó máa ń wí fún wa pé, "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ó kàn fi orúkọ mi pe Bàbá, ó bi í léèrè pé, "Bàbá Múìná, ṣé ó dá yín lójú pé irin yìí kì í ṣe gbàrọgùdù?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Bàbá lára. Ó pe Bàbá Sàlíù, bíríkìlà ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó tẹ́ sìmẹ́ǹtì yàrá náà, kí ó wá ṣe ẹlẹ́rìí. Ó gbé irin tí ó tóbi jù dé àyà, ó sì jù ú sílẹ̀. Gbìì! Ilẹ̀ là láti àárín yàrá dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ ò rí i? Kò tilẹ̀ ha!" ni Bàbá kígbe. "Ojúlówó ni!"

"Ọ̀gá, àbí ilẹ̀ mi lẹ̀ ń dán wò ni?" ni Bàbá Sàlíù dáhùn. "Irin ti yege, ẹ jọ̀ọ́. Ilé ló ń fìdí rẹmi."

Bàbá kò gbọ́. Ó fi òòlù lu irin kejì. Igi òòlù kán. Bí ó ti bẹ̀rẹ̀ láti gbé ìkẹta, ẹ̀yìn rẹ̀ dún kọ́, ó sì di ẹni tí a gbé lọ sórí ẹní.

Ibẹ̀ ni Ìyá bá a. "Ìdánwò kan ló kù o. Omi ẹ̀gẹ́ a máa jẹ irin. Ẹ jẹ́ kí n gbé wọn lé àpò ẹ̀gẹ́ mi nínú yàrá yẹn, ká wò ó."

"Gbé e lé e títí ìgbà tó bá wù ọ́ jàre," ni Bàbá wí, ó ń kérora. "Ọlọ́lá kì í ra gbàrọgùdù."

Ẹ̀gẹ́ wọ yàrá iwájú. Ojú ibi tí ilẹ̀ ti là ni omi rẹ̀ ń gbà ṣàn jáde, bí ẹni pé Bàbá dìídì la kòtò fún un. Kí ẹ̀yìn Bàbá tó san, àwọn obìnrin ti ń gbé àpò wá láti Ìgàndó kí irin náà lè bá wọn fún ẹ̀gẹ́ tiwọn. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹnikẹ́ni kì í sọ ẹrù kúrò lórí ẹ̀gẹ́ ẹlòmíràn kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ìjà ńlá ni. Nítorí náà, ìgbàkígbà tí Bàbá bá bèèrè irin rẹ̀, èsì kan náà ni Ìyá ń fún un: "Ti ìyá Ìgàndó ló wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ ní sùúrù di ọ̀túnla." Bàbá a sì bu gàrí sómi láti fi ní sùúrù.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí títí mo fi dé kíláàsì kẹrin ilé-ẹ̀kọ́ girama. Àwọn irin náà ti dípẹtà, kò sì sí èyí tí ó là. Èmi ọmọ tí ó fi ọwọ́ méjèèjì tì wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n dé, tí wọn kò mì, ni ó ń fi ọwọ́ kan gbé wọn lé àpò láràárọ̀ kí ó tó lọ síléèwé. Nígbà tí a ṣe ìdíje eré ìdárayá, kò sí ẹni tí ó ju bọ́ọ̀lù irin jìnnà tó mi.

Mo gbé ife ẹ̀yẹ náà lọ fi han Bàbá. Ó wo apá mi, ó wo ikùn ara rẹ̀.

"Mo ti sọ fún ìyá rẹ pé irin yẹn dára," ni ó wí, ó sì nawọ́ gba abọ́ gàrí rẹ̀.