Ìkíni Tó Ba Ìwé Mi Jẹ́

N kò lè gbàgbé ọjọ́ tí ìkíni kó mi sí wàhálà ní Bàríga, níbi tí a ti ń kọ́ bí a ṣe ń fọwọ́ tọ́jú eegun àti oríkèé.

Màmá kan tó ń yan ẹja ní Ìlàjẹ, létí ọ̀sà Bàríga níbẹ̀, wọlé, wọ́n di ìbàdí mú.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ara le?"

"Ara le, ọmọ mi. A dúpẹ́."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé àyẹ̀wò wọn kíá: kò sí ìrora.

Ọ̀gá wa kà á, wọ́n fà á ya. Ìwé mi kẹta tí wọ́n fà ya lọ́sẹ̀ náà nìyẹn! Inú bí mi.

"Màmá, ṣebí ẹ ní ara le?"

"O kí mi, mo dá ẹ lóhùn. Ta ló bi mí pé níbo ló ń dùn mí?"

Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí títí dòní. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kí mi, n óò dáhùn pé ara le.