Agolo Bisikíìtì Bùkárì Awóyẹmí

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kọkànlá ọdún 2024, fáàfù mọ́kàndínlógójì ló wà nínú agolo bisikíìtì tí Bùkárì Awóyẹmí kọ "Ó TI KÚ" sí lára. Qonitah ọmọ rẹ̀ ló kà wọ́n. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, iye náà kò yí padà.

Fáàfù ni ìgò kékeré tó ń mú rédíò sọ̀rọ̀ láyé àtijọ́. Láti Ṣàrẹ́ dé Agbamu, bí rédíò bàbá ẹnì kan bá dákẹ́, ṣọ́ọ̀bù Bùkárì ní Ọ̀mù-Àrán ni wọ́n ń gbé e wá. Bó bá ní fáàfù kan yè, ó yè. Bó bá ní ó kú, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ọdún mẹ́tàlélógójì ló fi kó ọ̀wọ̀ yẹn jọ, ọ̀wọ̀ náà nìkan ló sì kù sí i lọ́wọ́.

Apá tó yẹ kó máa fún wáyà inú fáàfù níná lára ẹ̀rọ tó fi ń dán fáàfù wò ti jó tipẹ́, nítorí náà ó ya iná wáyà yẹn sọ́tọ̀: bàtìrì tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo. Wáyà irú fáàfù bẹ́ẹ̀ tín-ín-rín ju irun lọ, kò sí irin kankan tó bò ó. Bí iná bá ju ti bàtìrì kan lọ, ó já nìyẹn. Bó bá sì gbóná dáadáa, pípọ́n rẹ̀ kò ju ti ẹnu sìgá tó fẹ́ kú lọ. Ìdí nìyẹn tí Bùkárì fi máa ń da kóòtù dúdú kan bo orí ara rẹ̀ àti fáàfù. Bó bá rí i pé ó pọ́n, á so ó mọ́ ẹ̀rọ. Bí kò bá rí nǹkan kan, á ní kí olówó rẹ̀ kọ orúkọ àti ìlú rẹ̀ sórí bébà pélébé, á so ó mọ́ fáàfù lẹ́sẹ̀, ó di inú agolo.

Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé lọ́dún méjì sẹ́yìn, dókítà ojú kan ní Ìlọrin sọ fún un pé ojú òsì ti lọ, ọ̀tún náà sì wà lọ́nà. Ó ṣáà ń rí èèyàn. Ó ń rí bàtìrì. Kí ló tún kù?

Ọ̀sán Sátidé yẹn ni Ọládiípọ̀, oníbàárà rẹ̀ kan, dé láti Èkó. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni Bùkárì ti sọ fún un pé fáàfù kan ti kú nínú rédíò olóògbé bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, fẹ́ gbọ́ rédíò ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọládiípọ̀ wá fáàfù kiri títí ó fi rí ẹyọ kan.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ wò ó, mo fi òwú wé e bí ọmọ ìkókó."

"Ṣé o ò fún un lọ́mú lọ́nà?" Bùkárì rẹ́rìn-ín. Ó so bàtìrì mọ́ ọn, ó da kóòtù borí.

"Bàbá, ẹ má sùn lọ síbẹ̀ o!"

"Dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹ̀yin ará Èkó, ẹnu yín kì í sinmi."

Òkùnkùn ni Bùkárì rí. Ó nu ẹsẹ̀ fáàfù náà, ó tún wò. Òkùnkùn. Ó lè ní kí Ọládiípọ̀ wá bá òun wò ó. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè rẹ̀, ó gbé e mì. Ó nawọ́ mú bàtìrì kejì, ó tò ó mọ́ ti àkọ́kọ́.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó rí i. Iná funfun kan kọ yẹ̀rì, ó sì parẹ́.

Ó ṣí kóòtù. "Òkú ni wọ́n tà fún ọ," ni ó wí.

Ọládiípọ̀ ti rí ìmọ́lẹ̀ náà létí kóòtù. "Bàbá, kí ló dé tí bàtìrì fi di méjì? Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ẹyọ kan ni."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́?"

"Kí ni kí n wá sọ fún màmá mi?"

Ó gbé rédíò bàbá rẹ̀ sínú mọ́tò. Kò dágbére.

Qonitah, tó gbé oúnjẹ wá fún bàbá rẹ̀ láti Arandun, jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò bá bàbá rẹ̀ jà. Ó wá inú agolo, ó yọ fáàfù tó ní orúkọ Ọládiípọ̀ lẹ́sẹ̀, ó so ó mọ́ bàtìrì kan, ó wọ abẹ́ kóòtù.

"Bàbá, èyí ń pọ́n."

"Kò lè pọ́n."

"Ó ń pọ́n o. Ẹ wá wò ó."

Ó wá. Èjìká kan èjìká lábẹ́ kóòtù kan náà. Bùkárì na ìka sí ìgò náà, bíi pé ìka lè bá a rí i.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Qonitah ti dán gbogbo agolo wò. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n pọ́n. Lóòótọ́, pípọ́n nìkan kò fi hàn pé fáàfù máa sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ló ń sọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí Bùkárì jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ.

Qonitah tò wọ́n sí etí tábìlì, ó ń ka orúkọ ẹsẹ̀ wọn níkọ̀ọ̀kan. Bàbá rẹ̀ kọjú sí ògiri.

"Bàbá," ó ní, "àwọn wo la máa kọ́kọ́ lọ bá, àwọn ará Ṣàrẹ́ ni àbí àwọn ará Agbamu?"